Ẹ Yọ Ẹ̀gún Kí Ẹ Tó Lẹ Túbù: Ọ̀rọ̀ Lórí Táyà Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Jò

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ lọ́jà, bá wa sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́.)

  

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni kí n sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ owó yíyá ti pọ̀ nínú ìwé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wáyé, kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí mò ń tà lọ: táyà, túbù, ṣéènì, àti gbogbo ohun tó ń mú kẹ̀kẹ́ rìn. Torí náà, ọ̀rọ̀ táyà tó ń jò ni mo gbé wá. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí à ń fẹsẹ̀ wà ni mò ń sọ o, ẹ má rò pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni.

Ẹlòmíì lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, ta ló tún ń gun kẹ̀kẹ́ láyé ọ̀kadà? Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n. Àwọn tó ń gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú wá láti oko láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ ni àwọn kan nínú wọn ń gùn. Àwọn kan tó ń gbé búrẹ́dì kiri, kẹ̀kẹ́ ni. Àwọn ọmọ wa tí ilé ìwé wọn jìnnà, tí a ra kẹ̀kẹ́ fún kí owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ lè dín kù, kẹ̀kẹ́ ni. Báárò àwọn alábàárù wa náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ní túbù nínú táyà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà. Bí táyà àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá jò lójú ọ̀nà, àwa la máa jókòó ti àtẹ òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wà tó máa ń gbé ẹ̀fọ́ wá fún mẹ́ta nínú wa. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó tún jò ní Ọjọ́rú. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́rú, ó tún jò lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, oòrùn ti mú ẹ̀fọ́ kó tó dé, ọjà àárọ̀ sì ti tú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ló fi san àsansílẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó ti rọ, kò sẹ́ni tó yà á wò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò dá owó ẹgbẹ́ padà kò torí ìyẹn sún síwájú.

Nígbà tí ọkùnrin yìí gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi láti ra túbù tuntun, mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú táyà. A mú àkísà, a fi nu inú rẹ̀ yí po. Níbì kan, àkísà há. Wáyà tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀, kò gùn tó èékánná, ó ti wọnú rọ́bà, orí rẹ̀ yọ sínú. Òun ló ń dá túbù lu láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n lẹ túbù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò yọ wáyà lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó ti gbé túbù tuntun sí i láìwo inú táyà ni, owó túbù náà ì bá tún bá a lọ.

Ìdí ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyẹn: ẹ yọ ẹ̀gún kí ẹ tó lẹ túbù. Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Alábẹ tó bá wá di aṣọ lé orí ẹ̀gún láìyọ ọ́, ṣé ó ti ṣe nǹkan kan? (Rárá o!)

OHUN TÓ WÀ NÍBẸ̀

Táyà tí à ń rí lóde, aṣọ ni. Túbù inú rẹ̀ ló di afẹ́fẹ́ mú. Ríìmù ni irin roboto tí táyà jókòó lé. Fáàfù ni ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Nínú gbogbo wọn, afẹ́fẹ́ ló ń ru ẹrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà kan rí, kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Irin tàbí rọ́bà líle ni, a sì máa gbo ènìyàn jìgìjìgì. John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ọ̀sìn kan nílùú Belfast, ló ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ní 1887, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1888. Robert William Thomson, ọmọ Scotland bíi tirẹ̀, ti ronú irú rẹ̀ ṣáájú ní 1845, ṣùgbọ́n ayé kò tíì kún fún kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn.

Orúkọ tí à ń pe fọ́kánáísà wa náà ní ìtàn. Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ló rí i ní 1839 pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí a fi iná sí i, kò ní máa yọ́ nínú oòrùn, kò sì ní máa gan nínú òtútù. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sọ ní orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ní Ògún tiwọn. (Ẹ̀rín)

IBI TÍ IHÒ WÀ NI YÓÒ SỌ OHUN TÓ FÀ Á

Bí túbù bá jò, ẹ má sáré sí sọlúṣọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ihò wà.

Èkíní: bí ihò bá wà níwájú túbù, lápá ibi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀, ohun kan ló gún un láti ọ̀nà. Ó lè jẹ́ ìṣó, ẹ̀gún, àfọ́kù ìgò, tàbí àwọn wáyà tín-ín-rín tó máa ń jáde lára táyà ọkọ̀ tó ti gbó, àti èyí tó máa ń kù sójú títì níbi tí wọ́n bá ti dáná sun táyà. Ohun náà lè ṣì wà nínú táyà. Ẹ wá a.

Èkejì: bí ẹ bá rí ihò méjì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ibi tí ejò bu ènìyàn jẹ, ẹ má dààmú láti wá ìṣó. Afẹ́fẹ́ ló kéré. Táyà wọ kòtò, ríìmù sì fún túbù pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá lẹ ihò méjèèjì tí ẹ kò fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó pé, kòtò tó kàn ń dúró dè yín.

Ẹ̀kẹta: bí ihò bá wà lápá inú, ibi tí túbù ti kọjú sí ríìmù, orí sípóòkù ló gún un. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó bo orí sípóòkù nínú ríìmù. Bóyá ó ti já, bóyá ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lè ra òmíràn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ sì lè gé túbù àtijọ́ bí okùn fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi yí inú ríìmù ká.

Ẹ̀kẹrin: bí ó bá ya ní ìdí fáàfù, táyà ló ń yọ̀ lórí ríìmù nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó, ó wá ń fa fáàfù. Èyí kì í ṣe é lẹ̀ dáadáa. Túbù mìíràn ni.

Ẹ̀karùn-ún: nígbà míì, kò sí ihò rárá, fáàfù ló ń jò. Ẹ fi itọ́ díẹ̀ sí ẹnu fáàfù. Bó bá ń hó, ẹ ti mọ olè nìyẹn. Àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní rọ́bà kékeré kan tó wọ ara ìdí fáàfù bí ìbọ̀sẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń gbó, ó sì máa ń ya. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra túbù odidi nítorí rọ́bà tí kò gùn tó ìka ọwọ́.

BÍ A ṢE Ń LẸ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ sún mọ́ ibí, torí ẹ̀yin lẹ máa ṣe é.

1. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ tó jò. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó kù jáde tán.

2. Ẹ fi ìdí ṣíbí méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ kan táyà jáde lára ríìmù. Ẹ má fi sikudíráfà ṣe é, ẹnu rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ á tún dá ihò mìíràn sí túbù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ yọ, kí ẹ sì rántí bí túbù ṣe kọjú nínú táyà. Èyí ló máa jẹ́ kí ẹ lè fi ihò ara túbù wá ojú ibi tí ẹ̀gún wà lára táyà.

3. Ẹ fẹ́ túbù kó wú díẹ̀, ẹ rì í sínú bàsíà omi díẹ̀díẹ̀ yí po. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ fi báírò kọ àmì sí i. Ẹ má dúró síbẹ̀ o, ẹ yí gbogbo túbù tán, torí ihò lè ju ẹyọ kan lọ.

4. Ẹ wá ẹ̀gún. Ẹ fi àkísà nu inú táyà, ẹ má fi ìka òfìfo ṣe é kó má bàá gé yín. Ibi tí àkísà bá ti há, ẹ fi ohun èlò fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde.

5. Ẹ nu túbù gbẹ. Ẹ fi sáńpépà ha ojú ihò náà títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kó fẹ̀ ju páàṣì lọ. Túbù tó ń dán kì í gba páàṣì.

6. Ẹ fi sọlúṣọ̀n ra ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Ẹ má lẹ páàṣì mọ́ ọn ní tútù. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, títí kò fi ní máa dán mọ́, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án létí. Ẹ má gbé sọlúṣọ̀n sún mọ́ iná ìdáná, ó máa ń gbiná.

7. Ẹ lẹ páàṣì mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an láti àárín lọ sí etí. Bí ẹ bá ní pàúdà, ẹ bu díẹ̀ sí i lórí kó má bàá lẹ̀ mọ́ táyà.

8. Ẹ fẹ́ túbù díẹ̀ kó lè dúró roboto, ẹ dá a padà sínú táyà. Ẹ fi àtàǹpàkò ti etí táyà wọlé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò yí po pé táyà kò fún túbù mọ́ etí ríìmù kí ẹ tó fẹ́ ẹ kó le.

Kò ju ìdajì wákàtí lọ fún ẹni tó ti ṣe é rí. Ọmọ ọdún méjìlá tó bá fara balẹ̀ lè ṣe é.

Bí páàṣì ara túbù bá ti pọ̀ tí wọ́n ń gun ara wọn, tàbí ihò ti gùn bí ibi tí ọ̀bẹ gé, ẹ dákun, ẹ ra òmíràn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára táyà kí ẹ tó wá sọ́jà. 28 × 1½ ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àgbà bíi Raleigh àtijọ́. Ti àwọn ọmọdé lè jẹ́ 26, 24 tàbí 20. Bó bá sì ṣe táyà lẹ fẹ́ rà, ẹ ka nọ́ńbà náà tán: 26 × 1⅜ àti 26 × 1.95 kì í wọ ríìmù kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 26 ni àwọn méjèèjì.

KÓ MÁ BÀÁ JÒ

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Afẹ́fẹ́ ni àkọ́kọ́. Túbù tí kò lu pàápàá ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí, PSI ló máa ń tẹ̀ lé nọ́ńbà náà. Ẹni tí kò ní gééjì, kó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹrù, kí ẹnì kejì wo táyà ẹ̀yìn. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tó.

Bí ẹ bá lọ fẹ́ ẹ lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, ẹ sọ fún un pé kó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà ọkọ̀ lágbára, túbù kẹ̀kẹ́ sì kéré. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó lè bẹ́ mọ́ni lójú. Pọ́ńpù ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ ló fọkàn balẹ̀ jù.

Ẹrù ni èkejì. Táyà ẹ̀yìn ló ń ru púpọ̀ nínú ẹrù, òun ló sì ń tètè jẹ. Bí ìlà ara rẹ̀ bá ti parẹ́, tí òwú ti ń yọjú, ìṣó kékeré pàápàá á wọlé. Ẹ pín ẹrù sí apá méjèèjì, kí ẹ má sì dì í ju agbára kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, epo pupa, epo bẹntiróòlù àti gíríìsì ń ba rọ́bà jẹ́. Bí epo bá ta sí táyà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Oòrùn ojoojúmọ́ náà ń mú kó sán, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ òjìji.

Ẹ̀kẹrin, bí táyà bá jò, kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó máa tì í. Ẹni tó bá gùn ún bẹ́ẹ̀, á gé túbù wẹ́wẹ́, á sì tẹ ríìmù. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́ o: ẹ sọ fún ọmọ yín ṣáájú pé bí táyà bá jò tó fi pẹ́ délé, ẹ kò ní nà án. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba ni í gun táyà tó jò nínú òkùnkùn, tàbí kó gun ọ̀kadà ẹni tí kò mọ̀ rí. Kẹ̀kẹ́ ṣe é rà. Ọmọ ò ṣe é rà. (Òótọ́ ni!)

OHUN TÍ MO Ń BẸ ẸGBẸ́ FÚN

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwa náà ń dá ìṣó sílẹ̀. Bí a bá ń kan ìsọ̀, bí a bá ń tú àpótí, ìṣó tó bá ṣẹ́ tàbí tó tẹ̀, ilẹ̀ la ń jù ú sí. Ìgò tó bá fọ́, a ó fẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń gbé ọjà bọ̀ wá fún wa á gun orí rẹ̀. Ọmọ wa tó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré náà á tẹ̀ ẹ́.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, kí ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agolo kan tí a ó máa ju ìṣó àti wáyà sí. Òòfà tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ máa ń fa irin dáadáa. Ẹ so ó mọ́ okùn, kí ọmọ kan fà á káàkiri iwájú ìsọ̀ lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ tán, ẹ ó sì rí ohun tí yóò kó wá. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú páàṣì, sọlúṣọ̀n àti sáńpépà, kí ó wà ní ọ́fíìsì wa. Ẹni tó bá gbé ẹrù wá, kó lè fẹ́ táyà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó padà sóko. Bí ẹgbẹ́ bá gbà, èmi yóò fi bàsíà omi àti páàṣì àkọ́kọ́ sílẹ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́, kó rán an sí ìsọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.  Ọ̀nà á là fún gbogbo wa. Ẹrù wa ò ní pẹ́ lọ́nà, ọmọ wa ò ní pẹ́ lọ́nà. Ẹgbẹ́ wa á dàgbà, á dogbó. (Àṣẹ! Àṣẹ!)